Gbígbé Ẹ̀rọ, àti Ẹsẹ̀ Òsì Ọ̀gá Làmídì

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ro iṣẹ́ tí ẹ máa ṣe, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ òótọ́ kan fún yín: iṣẹ́ tí èmi ṣe kì í ṣe iṣẹ́ tí ènìyàn fi ń yangàn lójú àna. Ẹ̀rọ ni a máa ń gbé. Bí ẹnì kan bá ra ẹ̀rọ ìlagi, tàbí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, tàbí sééfù tí ọkùnrin mẹ́jọ kò lè mì, tí ó sì fẹ́ kí ó kúrò lórí tírélà kí ó dé inú yàrá láìfọ́ ilé, láìpa ènìyàn, àwa ni yóò ránṣẹ́ pè. Mo ti ń ṣe é láti ìgbà tí irùngbọ̀n mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù, ó sì ti funfun kí n tó fi í sílẹ̀.

Àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa ló ní kí n kọ ọ́. Mo ní kí wọ́n lọ bá dókítà tàbí lọ́yà, wọ́n ní àwọn ti gbọ́ tiwọn. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹ mọ̀ pé bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, ẹsẹ̀ òsì ọ̀gá mi ló wà lọ́kàn mi, ẹsẹ̀ tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣẹ́kù sí Iléṣà lọ́jọ́ kan, tòun ti ẹni tó ni ín. Mo máa dé ibẹ̀. Ẹ fara balẹ̀.

Ọmọ Iléṣà ni mí, ṣùgbọ́n Òṣogbo ni mo ti kọ́ṣẹ́, Ìgbọ̀nà ni mo sì ń gbé títí di òní. Bí mo ṣe débẹ̀ kò gùn. Bàbá mi mọ ọ̀gá, ó mú mi lọ, a dọ̀bálẹ̀, ó parí. Ti owó kò yẹ ní sísọ. Mo jẹun, mo fẹ́yàwó, mo tọ́ ọmọ.

Ọ̀gá Làmídì jẹ́ Mùsùlùmí, ọmọ Òṣogbo látilẹ̀. Kò ga, kò sanra, kì í gbé ohùn sókè. Ṣùgbọ́n bí ó bá wò ọ́ báyìí, wàá rántí ẹ̀ṣẹ̀ tí o kò tíì dá. Òṣómàáló ni ó máa ń pè mí nítorí pé Ìjẹ̀ṣà ni mí, bí inú rẹ̀ bá dùn. Bí inú rẹ̀ kò bá dùn, Dáníẹ́lì ni. Mo jẹ́ Dáníẹ́lì fún bí ọdún kan gbáko kí n tó di Òṣómàáló.

Ní gbogbo ọdún yẹn, pátákó ni mo ń rù. Mo rò pé mo wá kọ́ iṣẹ́ jáàkì, wọn kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan jáàkì. Pátákó ìrókò, pátákó àpá, nínípọn wọn tó ìbú ọwọ́, gígùn wọn ju èmi lọ. Mo máa ń fọ̀ wọ́n, máa kó wọn sí ibòji kí oòrùn má baà là wọ́n, máa yẹ ojú wọn wò bóyá ó ti sán. Pátákó àràbà kò gbọdọ̀ wọ ọgbà wa, nítorí pé igi tí kò le kò ní iṣẹ́ kankan lábẹ́ ẹrù. Mo ń rò ó nínú ara mi pé káfíńtà ni ọkùnrin yìí, ó kàn ń fi ojú ara rẹ̀ pamọ́ ni.

Ní ọjọ́ kan mo bi í. Mo ní, "Ọ̀gá, ṣebí jáàkì ló ń gbé ẹ̀rọ. Kí ni pátákó ń ṣe?"

Ó wọlé lọ, ó mú ìkòkò irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí ìyàwó rẹ̀ fi ń se oúnjẹ ọdún jáde. Ó kó òkúta sínú rẹ̀ dé ìdajì, òun àti ọmọṣẹ́ kejì gbé e, wọ́n sì gbé e lé mi lórí gbangba, láìsí òṣùká. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹsẹ̀ ìkòkò náà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọ inú agbárí mi. Mo ké. Àwọn tó ń kọjá dúró wò mí.

Wọ́n sọ̀ ọ́. Ó wá gbé pátákó pẹlẹbẹ kan lé mi lórí, ó sì ní kí wọ́n gbé ìkòkò náà padà sórí pátákó. Ó wúwo, ọrùn mi mọ̀ pé ó wúwo, ṣùgbọ́n n kò ké.

"Ṣé ẹrù náà dín kù ni?" Ọ̀gá bi mí.

"Rárá, sà. Ó tilẹ̀ pọ̀ sí i. Pátákó ti kún un."

"Kí ló dé tí o kò ké mọ́?"

Mo fi ọwọ́ tọ́ pátákó orí mi wò. Ó ní, "Ẹrù kọ́ ló ń pa orí, ẹsẹ̀ ẹrù ni. Ilẹ̀ náà ní orí, Dáníẹ́lì. Fún un ní òṣùká tirẹ̀ kí o tó di ẹrù rù ú."

Bí mo bá ní kí n kó gbogbo ohun tí mo kọ́ jọ, kò ju ìyẹn lọ. Ẹrù méjì lè wúwo bákan náà kí ọ̀kan rì sínú ilẹ̀ kí èkejì dúró lórí rẹ̀ bí ẹni pé kò ṣe nǹkan. Ohun tó yàtọ̀ ni bí ibi tí wọ́n fi kan ilẹ̀ ṣe fẹ̀ tó. Ọ̀bẹ kan náà ni, ẹ fi ẹ̀yìn rẹ̀ gé iṣu wò, kí ẹ tún fi ojú rẹ̀ gé e. Bí a bá fẹ́ kí nǹkan wọlé, a ó sọ ẹsẹ̀ rẹ̀ di kékeré, ìdí nìyẹn tí ìṣó fi ní ẹnu ṣóńṣó. Bí a kò bá fẹ́ kó wọlé, a ó wá ibi gbòòrò fún un.

Ó wọ̀ mí lára débi pé ó dá ìjà sílẹ̀ ní ọjọ́ ìgbéyàwó mi. Òjò ti rọ̀, ayàwòrán ní kí a dúró sórí koríko ìta ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyàwó mi wọ bàtà gogoro, gìgísẹ̀ rẹ̀ kò ju ìka ọwọ́ lọ. Mo rí i pé ó ń rì, ó ń kúrú sí i lójú mi. Kí ayàwòrán tó ka méjì, mo ti sáré lọ sí mọ́tò wa, mo mú pátákó méjì wá, mo sì kúnlẹ̀ kí n tì wọ́n sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Gbogbo ìjọ rẹ́rìn-ín. Títí di òní, bí ọ̀rọ̀ bá ṣe bí ọ̀rọ̀, yóò ní ẹsẹ̀ òun ni mo ń wò ní ọjọ́ tí àwọn ọkọ yòókù ń wo ojú ìyàwó wọn.

Ọ̀gá le. Bí ẹ bá fẹ́ ọ̀gá tí yóò máa pè yín ní ọ̀rẹ́, ẹ má wá sínú iṣẹ́ yìí. Nígbà kan, a ti gbé ẹ̀rọ ìlagi kan dé àyè rẹ̀ tán, oníbàárà ti gbé omi tútù fún wa, ni Ọ̀gá bá fi ojú ẹ̀gbẹ́ rí i pé pátákó kan tó sán wà lábẹ́ ẹ̀rọ náà. Ọmọṣẹ́ tó gbé e síbẹ̀ ti lọ fọ ọwọ́. Ọ̀gá ní kí a tú u. Oníbàárà ní ó ti dúró ná, kí ló tún kù? Ọ̀gá dá a lóhùn pẹ̀lú sùúrù pé, "Ó dúró lónìí ni, Alhájì. Ẹ̀yin kò ra ẹ̀rọ tí ẹ máa lò lónìí nìkan." A tú u. Ilẹ̀ ti ń ṣú nígbà tí a jẹun.

Nígbà tí mo kọ́ṣẹ́ tán tí mo gba fírídọ́ọ̀mù, n kò kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Mo di igbákejì rẹ̀. Àkókò náà ni irinṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Jáàkì tí a bá lẹ́nu iṣẹ́ jẹ́ èyí tí a máa ń fi ọ̀pá yí, yíyí títí apá yóò fi kú. Jáàkì elépo wá dé. Kékeré ni, ọmọdé lè gbé e, ṣùgbọ́n bí o bá tẹ ọwọ́ rẹ̀ díẹ̀, ẹ̀rọ tí ó ń fún wa ní wàhálà tẹ́lẹ̀ yóò dìde bí ẹni tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀. Inú wa dùn. Inú Ọ̀gá kò fi bẹ́ẹ̀ dùn. Ó gbé e yí po, ó wo ìdí rẹ̀, ó ní, "Agbára rẹ̀ pọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kéré. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í bá ará ilé gbé pẹ́." Ó ní kí alágbẹ̀dẹ gé irin pẹlẹbẹ fún ìdí rẹ̀, kí a sì tún máa gbé e lé pátákó síbẹ̀síbẹ̀.

Ẹ wò ó, a ti dé Iléṣà.

Ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Ẹ̀bùn ra ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àgbà kan ní Òṣogbo, irin láti òkè délẹ̀. Ó fẹ́ fi ṣí ilé ìtẹ̀wé nínú yàrá iwájú ilé bàbá rẹ̀ ní Iléṣà. Bàbá náà ti kú ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, iwájú ilé ni wọ́n sin ín sí gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe fún àgbà tó kọ́lé. Wọ́n fi táìlì funfun sí ojú sàréè náà, wọ́n sì fi símẹ́ǹtì tẹ́ gbogbo ìta yòókù, ó mọ́ tónítóní.

Ẹ̀bùn tọ́ka sí i fún wa kí a tó sọ ẹ̀rọ kalẹ̀. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Ọ̀gá, ibi tí bàbá wa wà nìyẹn. Ẹ má gbé nǹkan kan gba orí wọn."

"Ó tì o," ni Ọ̀gá wí. "Ta ni yóò gun àgbà lórí?"

A yà fún bàbá. A to pátákó sílẹ̀, a to páìpù sórí pátákó, a ń yí ẹ̀rọ náà lọ díẹ̀díẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ sàréè, lórí símẹ́ǹtì tí kò ní àbàwọ́n kankan. Nígbà tí a dé ọ̀gangan ilẹ̀kùn, ó yẹ kí a kọjú rẹ̀ sí yàrá. Láti ṣe bẹ́ẹ̀, a ó fi jáàkì gbé ìdí rẹ̀ kan sókè, a ó yọ páìpù, a ó tún wọn tò sí ọ̀nà kejì. Ohun tí a ti ṣe ní àìmọye ìgbà ni. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló jókòó sílẹ̀ láti yọ páìpù, nítorí pé kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn na ọwọ́ sábẹ́ ẹrù. Mo wà ní ìdí jáàkì. Pátákó wà lábẹ́ rẹ̀, ó nípọn, ó dán.

Ilẹ̀ bá dún. Kì í ṣe ariwo ńlá, ó dún bí ìgbà tí ènìyàn fi eyín fọ́ ẹ̀kúrọ́. Símẹ́ǹtì náà là, ó sì lọ sísàlẹ̀, òun, jáàkì, pátákó, ìdí ẹ̀rọ kan, àti Ọ̀gá.

Nígbà tí eruku rọlẹ̀, mo rí i pé ihò kan ló ṣí sílẹ̀, tí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù mọ yí po dáadáa. Ọ̀gá jókòó nínú rẹ̀. Ẹ̀rọ náà fì sórí rẹ̀, igun rẹ̀ kan wà nínú ihò, ẹsẹ̀ òsì Ọ̀gá sì há sáàárín irin àti ògiri. Ó ń sọ lábẹ́lẹ̀ pé, "Yà Aláà, Yà Aláà." Ẹ̀rọ náà ń mì díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá tún fi ìbú ọwọ́ kan rọ̀ sísàlẹ̀, kì í ṣe ẹsẹ̀ nìkan ni yóò bá lọ.

Ẹ̀rù bà mí. N kò ní purọ́ fún yín.

Àwọn aládùúgbò rọ́ dé. Olúkúlùkù fẹ́ ṣèrànwọ́, olúkúlùkù sì fẹ́ dúró sí etí ihò gan-an. Mo pariwo mọ́ wọn pé kí wọ́n kúrò níbẹ̀. Wọ́n rò pé mo ti ya wèrè. Mo ní, "Ẹsẹ̀ yín ń tẹ ibi tí ó ti là! Bí ẹ bá fẹ́ dúró, ẹ dúró lórí pátákó." Wọ́n sún sẹ́yìn. Ẹ̀bùn ń sunkún, ó ń bi ara rẹ̀ pé ihò kí nìyí nínú ilé àwọn.

Mo nílò ibi kan tí ó le, tí mo lè gbé jáàkì kejì lé. Mo fi ọ̀pá irin kan ilẹ̀ yíká, mo ń fetí sí i. Ní apá ọ̀dọ̀ wa, ó dún bí òfìfo. Ní apá ibi tí táìlì wà, ó dún bí òfìfo. Ní àárín méjèèjì, ó fẹ́ẹ́ le, ṣùgbọ́n kò dá mi lójú. Bí mo bá gbé jáàkì lé ibi tí kò dáa, ẹ̀rọ náà yóò padà bọ́ lé Ọ̀gá.

Ọ̀gá gbójú sókè, ó rí mi tí mo ń sáré kiri. Ó ní, "Òṣómàáló, má kánjú. Bí o bá kánjú, ẹsẹ̀ kejì ló kàn."

Ẹnì kan ti sáré lọ pe ìyá Ẹ̀bùn ní ìpàdé àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì. Màmá dé, gèlè lọ́wọ́, wọ́n wo ihò náà, wọ́n sì fi ọwọ́ méjèèjì lérí.

"Ẹ̀bùn, tèmi ni," ni wọ́n wí.

"Kí ni tiyín, Màmá?"

"Ulẹ̀ yìí. Ibi tí èmi náà máa sùn ni." Ìjẹ̀ṣà pọ́ńbélé ni ohùn wọn, ohùn tí ìyá tèmi náà fi ń sọ̀rọ̀. "Nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ ti bàbá rẹ, ẹ̀yin ọmọ kò tíì dé ulé. Mo bẹ bíríkìlà pé kó gbẹ́ méjì pọ̀, kó fi símẹ́ǹtì bo tèmi, kó má sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo mọ̀ pé ẹ máa ní mo ń pe ikú. Ẹ̀gbẹ́ ọkọ mi ni mo fẹ́ wà, n kò fẹ́ kí ẹ gbé mi lọ síbòmíràn."

Ẹ̀bùn jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Èmi ní tèmi kò ní àyè ìyanu. Mo kúnlẹ̀ níwájú wọn, mo ní, "Màmá, ṣé ẹ wà níbẹ̀ nígbà tí ó ń mọ ọ́n?"

"Mo jókòó tì í ni."

"Ògiri tó wà láàárín tiyín àti ti bàbá ńkọ́? Búlọ́ọ̀kù kan ni àbí méjì?"

"Méjì," ni wọ́n wí, kíá. "Mo ní kó fi méjì sí i, kó sì fi kọnkéré dí inú rẹ̀. Ọkọ mi a máa hanrun."

Ẹni tó wà nínú ihò ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín, ìrora sì gbé e, ó ké, ó tún rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ràn ọkùnrin yẹn gan-an.

Ògiri méjì tí a fi kọnkéré dí, ìyẹn ni mo ń wá. Ó sì jẹ́ pé apá ibẹ̀ gan-an ni etí ẹ̀rọ náà fì sí. Ṣùgbọ́n etí táìlì bàbá bo orí ògiri náà. Kí pátákó tó lè jókòó síbẹ̀ dáadáa, a gbọ́dọ̀ fọ́ táìlì kúrò. Mo sọ ọ́. Ẹ̀bùn fò dìde.

"Ẹ kò ní fọ́ sàréè bàbá mi!"

"Ẹ̀bùn," ni Màmá wí, "ọmọ ọlọ́mọ ló wà nínú ihò mi. Mú òòlù wá."

Ó dúró, ó ń wo ìyá rẹ̀. Ó wá lọ mú òòlù wá. Òun fúnra rẹ̀ ló fọ́ ọ, ó ń fọ́ ọ, ó ń sunkún.

Ẹ gbọ́ ohun tí mo ṣe, nítorí pé nínú rẹ̀ ni gbogbo iṣẹ́ náà wà. Ìdí jáàkì kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Bí mo bá gbé e lé búlọ́ọ̀kù kan ṣoṣo, yóò fọ́ búlọ́ọ̀kù náà wúúwúú. Mo na pátákó ìrókò tó gùn jù lọ sórí ògiri náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin rẹ̀, kí gbogbo búlọ́ọ̀kù tó wà níbẹ̀ jọ pín ẹrù náà. Mo gbé pátákó kúkúrú lé e, mo gbé irin pẹlẹbẹ lé ìyẹn, mo sì gbé jáàkì lé irin. Ìwúwo ẹ̀rọ náà kò dín kù rárá. Ibi tí ó ń tẹ̀ ni mo sọ di gbòòrò.

Mo tẹ jáàkì. Mo tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, mo dúró, mo gbọ́ ilẹ̀. Kò dún. Àwọn ọmọṣẹ́ ń ti igi sábẹ́ ẹ̀rọ náà bí ó ṣe ń dìde, pé bí jáàkì bá yọ̀, kí ó má padà sísàlẹ̀. Àwọn ènìyàn ń kígbe pé kí n yára. N kò yára. Ìgbà tí àyè kékeré ṣí, Ọ̀gá fa ara rẹ̀, ó ní, "Ó kù díẹ̀." Mo tún tẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Ó ti tó," a sì fà á jáde.

Lórí pátákó iṣẹ́ ni a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Egungun ti ṣẹ́ níbi méjì. Wọ́n ṣe èyí tí wọ́n lè ṣe, àwọn tó ń to egungun nílé náà ṣe tiwọn, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ náà kò padà rí bákan náà mọ́. Ó le gan bí igi, kò ṣe é ká. Kò tún gbé ẹrù mọ́ láti ọjọ́ náà. Orí àpótí ni ó máa ń jókòó sí, tí ó ń pàṣẹ fún wa. Bí ó ṣe dùn mí tó, ó ṣòroó kọ. Ọkùnrin tí kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn na ọwọ́ sábẹ́ ẹrù wá ń wò wá tí a ń nà án.

Màmá àti Ẹ̀bùn wá kí i ní Òṣogbo. Màmá kúnlẹ̀, wọ́n ń tọrọ àforíjì. Ọ̀gá kò jẹ́.

"Ẹ dìde, ẹ̀yin tí ẹ bí mi lọ́mọ. Mo ti bá yín wọ ibẹ̀ wò. Ó fẹ̀, ó tutù, kò sí ìdààmú níbẹ̀. Hanrun nìkan ni n kò gbọ́."

Màmá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ṣùgbọ́n Ẹ̀bùn kò rẹ́rìn-ín. Ó ní òun máa kó yẹ̀pẹ̀ dí ihò náà ni, pé ohun tó fẹ́ gba ẹsẹ̀ ènìyàn kò gbọdọ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà òun. Ojú Màmá yí padà. Ṣé ẹ mọ̀ pé opó kì í fi bẹ́ẹ̀ ní ohùn lórí ilé tí ọmọkùnrin àgbà bá ti ń pàṣẹ.

Ọ̀gá ní, "Ẹ̀bùn, ẹsẹ̀ ta ni?"

"Ẹsẹ̀ yín ni, sà."

"Ó dáa. Ẹni tó ni ẹsẹ̀ ní kí o má dí i. Ihò kọ́ ló ṣe mí, ìdérí rẹ̀ ni. Símẹ́ǹtì tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n fi bò ó, kò sí irin nínú rẹ̀. Fi irin sí i, kí o dà á nípọn. Mo máa wá wò ó."

Ó sì lọ lóòótọ́. Ó jókòó sórí àpótí rẹ̀ nínú oòrùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ nà gbọọrọ síwájú, títí bíríkìlà fi parí. Màmá ń gbé omi fún un.

Ọdún pọ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Mo gba ọgbà náà lọ́wọ́ Ọ̀gá nígbà tí ara rẹ̀ kò gbé e mọ́. Iṣẹ́ gbé wa dé ibi púpọ̀. Ní Ìtagunmódi, a lọ bá wọn gbé ẹ̀rọ ìfami fún àwọn tó ń wa góòlù. Ilẹ̀ ibẹ̀ ti di pòtòpótò, mọ́tò kékeré wa sì rì dé ìdajì táyà. Bẹ́ẹ̀ katapílà kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa tí ó wúwo jù ú lọ ní ìlọ́po ìlọ́po, tí ó ń rìn lórí ẹrẹ̀ kan náà bí ẹni ń gbafẹ́. Àwọn ọmọṣẹ́ mi ní àràmàǹdà ni. Mo ní kí wọ́n wo ẹsẹ̀ rẹ̀, bí ṣéènì rẹ̀ ṣe tẹ́ sílẹ̀ gbọọrọ. A ní láti bẹ ẹ kí ó fà wá jáde.

Kíréènì ti wá gba púpọ̀ nínú iṣẹ́ wa báyìí. N kò bínú sí i. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí ọ̀kan, ó na ẹsẹ̀ mẹ́rin jáde, awakọ̀ rẹ̀ sì sọ̀ kalẹ̀, ó ti pátákó sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Inú mi dùn bí ẹni rí ará ilé ní ìlú òkèèrè. Ọmọbìnrin mi tí ń kọ́ni ní fisíìsì náà sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ náà wà nínú ẹ̀kọ́ wọn: kí a pín agbára tí ó ń tẹ nǹkan sí fífẹ̀ ibi tí ó tẹ̀. Bí ibẹ̀ bá fẹ̀ ní ìlọ́po méjì, ìtẹ̀ náà yóò di ìdajì. Mo ní kí ó tún un sọ. Ó wù mí kí Ọ̀gá gbọ́ ọ, ni mo bá mú un lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Ọ̀gá, tí gbogbo wa ti ń pè ní Baba nígbà náà, gbọ́ ọ títí dé òpin, wọ́n ní ọmọ náà káre, pé òun ìbá ti lo ìyẹn, ìkòkò ìyàwó òun ìbá sinmi.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ bá fẹ́ wá sínú irú iṣẹ́ yìí, ẹ wá. Ẹ ó jẹun níbẹ̀. Kò fẹ́ alágbára tó bí ẹ ṣe rò, ẹni tó bá lè ní sùúrù kí ó tó tẹ jáàkì ni ó ń fẹ́.

Ọdún tí mo fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀ ni Màmá Ẹ̀bùn kú. Wọ́n ti dàgbà púpọ̀. Ẹ̀bùn tẹ̀ mí láago, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú Ọ̀gá wá." Ọ̀gá kò fi bẹ́ẹ̀ jáde mọ́ nígbà náà, ọ̀pá méjì ni wọ́n fi ń rìn. Mo gbé wọn lọ sí Iléṣà. Wọ́n ti ṣí ìdérí náà, wọ́n gbé Màmá sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ wọn, àlùfáà gbàdúrà, wọ́n sì da kọnkéré tuntun lé e. Nígbà tí ó gbẹ, Ẹ̀bùn tún pè wá kí wọ́n tó tẹ́ táìlì. Ó ní òun kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tẹ̀ ẹ́ ṣáájú Baba.

Ọ̀gá rìn dé etí rẹ̀. Wọ́n kó ọ̀pá méjèèjì lé mi lọ́wọ́. Wọ́n gbé ẹsẹ̀ òsì, ẹsẹ̀ tí kò ká yẹn, sórí rẹ̀, wọ́n di èjìká mi mú, wọ́n gbé ọ̀tún náà gùn ún. Lẹ́yìn náà wọ́n gbé ọ̀tún kúrò nílẹ̀. Ẹsẹ̀ kan ń tẹ ilẹ̀ ju ẹsẹ̀ méjì lọ, bí ara tilẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà. Ẹ̀bùn na ọwọ́ kí ó dì wọ́n mú, wọ́n mi orí fún un pé rárá. Wọ́n fi èjìká mi sílẹ̀, wọ́n dúró lórí òsì nìkan, gbogbo ara wọn ń gbọ̀n.

"Ó gbà á," ni wọ́n wí. "Ẹ lọ tẹ́ táìlì yín."